Erin Ọlọ́rẹ àti Afárá Etídò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó wà lẹ́yìn, sún mọ́ iwájú. Ẹni tí oorun ń kùn, kó lọ bọ́jú. Bí mo bá dá orin, ẹ̀yin ni ẹ máa gbè é, nítorí ààlọ́ tí kò ní agberin, ẹsẹ̀ kan ló fi ń rìn.

Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó gba ọ̀nà oko, ó dé etí odò. Ó bá Erin níbẹ̀, ó bá Ẹtu níbẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, ìlú àwọn ẹranko kan wà tí wọ́n ń pè ní Etídò. Odò ńlá kan ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú náà. Ilé wọn wà ní ìhín odò, oko wọn wà ní ọ̀hún odò. Ẹni tí kò bá sọdá, kò ní jẹun.

Bí wọ́n ṣe ń sọdá nìyí. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, Ọba Ẹfọ̀n á pe ọ̀wẹ̀. Gbogbo ìlú á wọ igbó. Wọn á gé ìtàkùn, wọn á lọ́ ìtàkùn, wọn á so ìtàkùn mọ́ igi ìhín àti igi ọ̀hún. Ó di afárá. Afárá náà a máa mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́. Ọ̀yà a máa di ojú kó tó lè kọjá lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ni ín? Gbogbo wọn ló ni ín. Kò sí ẹni tó ń dúpẹ́ ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀wẹ̀ náà kì í ṣe ohun ìdùnnú o. Ìtàkùn a máa bó ọwọ́, yèrèpè a máa yún ara. Àwọn kan a máa sá. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló mọ̀ ọ́n sá jù. Kò sí ọdún tí ẹsẹ̀ kì í dùn ún lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀.

Ní ọdún kan, Erin dìde láàárín ìpàdé. Ẹ̀yin náà mọ Erin. Erin tóbi, Erin lágbára, Erin sì lawọ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó lawọ́ lóòótọ́. Ó ní, "Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ẹ lọ sinmi. Èmi nìkan á ṣe é."

Ọ̀yà ní, "Lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Lọ́fẹ̀ẹ́ ni. N kò gba nǹkan kan."

Háà, ẹ wo ariwo! Wọ́n hó, wọ́n fò, wọ́n jó. Wọ́n fẹ́ gbé Erin sókè, kò ṣeé gbé.

Erin wọ igbó. Ó fi ọwọ́jà rẹ̀ wó igi ńláńlá, ó tì wọ́n dé etí odò, ó tẹ́ wọn lé odò. Afárá dúró gbagidi, kò mì. Ọ̀yà la ojú rẹ̀ méjèèjì kọjá. Ọjọ́ náà ni orin kan dáyé ní Etídò. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló tẹ́gi lódò fún wa?
*Erin ni, Erin ọlọ́rẹ!*
Ta ló ní ká lọ sinmi?
*Erin ni, Erin ọlọ́rẹ!*
Ta la ó máa kí láàárọ̀?
*Erin ni, Erin ọlọ́rẹ!*

Ọdún kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e. Kò sí ọ̀wẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ dàgbà tí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń lọ́ ìtàkùn. Erin kọ́lé sí ẹnu afárá, ó fi Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe oníbodè. Kò gba owó ibodè o. Orin nìkan ló ń gbà. Ẹni tó bá ń lọ sóko á dúró, á kọrin, á kọjá.

Lákọ̀ọ́kọ́, orin ẹnu lásán ti tó. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí wọ́n fi ijó kún un. Nígbà tó tún yá, wọ́n ní ijó náà kò gbọdọ̀ wúwo. Bí Erin bá sì ń sùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ afárá, kí ìró ẹsẹ̀ má baà jí i. Ní ọjọ́ kan, Ọ̀bọ wúkọ́ láàárín orin. Wọ́n ní kó padà sílé, kó wá lọ́la. Ọ̀bọ padà sílé. Kò bínú. Ṣé ẹni tó ṣe ọ́ lóore lo máa bá jà?

Ẹ wá jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ Ẹtu.

Ẹtu jẹ́ opó. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Àwẹ̀ró lóyún, oyún náà pé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ìyá Awó, agbẹ̀bí ìlú, ń bẹ lóko rẹ̀ ní ọ̀hún odò. Ẹtu ki eré mọ́lẹ̀, ó dé ẹnu afárá.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, jọ̀wọ́, ọmọ mi ń rọbí! Agbẹ̀bí ni mo fẹ́ lọ pè."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Ẹ rọra, Ìyá Àwẹ̀ró. Bàbá ń sùn."

"Bá mi jí wọn."

"Èmi? Kí n jí Bàbá? Kí wọ́n tẹ̀ mí pa?"

"Jẹ́ kí n yọ́ kọjá."

"Ẹ ò tíì kọrin."

Ẹtu kọrin.

"Ẹ ò jó."

Ẹtu jó. Ẹ fojú inú wò ó o. Ọmọ ń ké nílé, ìyá ń jó níta. Omijé ń bọ́ lójú, ẹsẹ̀ ń jó nílẹ̀.

"Ẹ dúró kí Bàbá jí."

Oòrùn kúrò lókè orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹtu dúró. Ìgbà tó ṣe, Erin la ojú kan. "Kí ló dé?"

Wọ́n sọ fún un. Erin fò dìde. "Háà! Ìyá Àwẹ̀ró, kí ló dé tí o kò tètè wí? Kọjá, kọjá!" Òun fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e lọ. Ó gbé Ìyá Awó sẹ́yìn padà wálé. Mo ti sọ fún yín pé ó lawọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, ara Àwẹ̀ró ti tutù. Ìyá Awó já ewé, ó gún ewé, ó fún un mu. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Nígbà tó yá, ọmọ ké. Nígbà tó tún yá, ìyá la ojú. Ìyá Awó nu òógùn, ó ní, "Ẹtu, bí mo bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, àtìyá àtọmọ ì bá lọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ẹtu lára.

Ọjọ́ ìkómọ pé. Gbogbo ìlú pésẹ̀. Erin dé pẹ̀lú iṣu, ó dé pẹ̀lú oyin, ó dé pẹ̀lú obì. Wọ́n gbé orin rẹ̀, ilẹ̀ ń mì. Ẹtu kúnlẹ̀ níwájú Erin.

"Bàbá, ẹ ṣé tiṣu. Ẹ ṣé toyin. Ẹ ṣé tẹ̀yìn tí ẹ fi gbé agbẹ̀bí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń gún mi láyà."

"Sọ ọ́, Ìyá Àwẹ̀ró."

"Bí oorun yín bá wọra lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

Gbogbo ilé kọjú sí Erin.

Erin ní, "Ṣùgbọ́n mo jí."

"Ẹ jí, Bàbá, mo dúpẹ́. Ṣé orí oorun yín ló wá yẹ kí ẹ̀mí ọmọ mi sinmi lé?"

Ojú Erin yí padà. "Afárá mi ni. Èmi ni mo wó igi rẹ̀. Agbára mi ni mo fi tì í."

Ẹtu ní, "Ẹ̀yin lẹ tì í, a ò jà yín níyàn. Ṣùgbọ́n igi igbó gbogbo wa ni. Ewé igbó gbogbo wa náà lẹ jẹ tí ẹ fi tóbi tó báyìí. Ẹ máa ta wá lọ́rẹ iṣu, inú wa á dùn. Ọ̀nà oko ìlú ni kò yẹ kó jẹ́ ọrẹ."

"Aláìmoore!" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ké.

"Aláìmoore!" ni Ọ̀yà ké.

"Aláìmoore!" ni gbogbo ìlú ké.

Ọ̀rọ̀ náà dun Erin dé egungun. Kò jà. Omi lé ròrò sí i lójú, ó sì jáde. Ó dé etí odò, ó fa ìtì igi kan yọ, ó fa èkejì yọ, ó fa gbogbo wọn yọ, ó wọ́ wọn lọ sí àgbàlá rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí kò fẹ́ oore mi, kó fò kọjá."

Ṣé ẹ rí i? Ohun tí wọ́n ń pè ní afárá ìlú, ọwọ́ ẹnìkan ló wà.

Ebi wọ Etídò. Iṣu ń jẹrà ní ọ̀hún, inú ń kùn ní ìhín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú burúkú wo Ẹtu. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Wọ́n ní, "Lọ bẹ Erin! Ìwọ lo kó wa sí i."

Ẹ̀rù ba Ẹtu. Ó pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà Erin, ó gbọ́wọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ẹtu rò ó pé, "Bí mo bá bẹ̀bẹ̀ lónìí, ọmọ yìí náà á bẹ̀bẹ̀ lọ́la." Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó yà sínú igbó.

Ó gé ìtàkùn. Ó lọ́ ọ, ó tú. Ó tún un lọ́, ó tún tú. Ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó tú, Ẹtu sì bú sẹ́kún.

Ó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀. "Apá ọ̀tún lo ń lọ́ ọ sí. Apá òsì ni." Ọba Ẹfọ̀n ni, ó ti darúgbó, ó fi ọ̀pá rìn wá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n pe ọ̀wẹ̀ yìí. Mú un wá." Àwọn méjèèjì ń lọ́ ọ, wọ́n ń kọrin. Ẹ gbè é o:

Ọwọ́ kan ò lè lọ́kùn
*Lọ́ ọ mọ́ra, ká jọ lọ́ ọ!*
Odò tó wà níwájú
*Lọ́ ọ mọ́ra, ká jọ lọ́ ọ!*
Ọ̀nà oko tèmi tìẹ
*Lọ́ ọ mọ́ra, ká jọ lọ́ ọ!*

Ọ̀yà gbọ́ orin, ó yọjú. Ó kọ́kọ́ dúró lókèèrè bí ẹni tó ṣìnà. Nígbà tó yá, ó mú ìtàkùn kan. Ọ̀bọ dé, Ìyá Awó dé, àwọn ọmọ wọn dé. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà dé. Ẹsẹ̀ kò dùn ún lọ́jọ́ náà, ebi ti wò ó sàn. Afárá ìtàkùn délẹ̀, ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́. Wọ́n sọdá, wọ́n jẹun, wọ́n yó.

Àmọ́ ọgẹ̀dẹ̀ Erin náà wà ní ọ̀hún. Òjò sì ti kún odò. Erin ti ìtì igi kan sómi, odò gbé e lọ. Ó ti èkejì, odò gbé e lọ. Ó ti ẹ̀kẹta, odò gbé e lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé afárá ìtàkùn, ìtàkùn ké. Ó yára fà á padà. Ó dúró síbẹ̀, etí rẹ̀ wọ́lẹ̀.

Ọ̀yà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó kọrin fún wa! Kó jó, ijó tí kò wúwo!"

Ẹ̀rín sọ lálá. Ẹtu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá o. Bí Erin kò bá lè gba ibẹ̀ kọjá, afárá ìlú kọ́ nìyẹn. Afárá àwọn tó fúyẹ́ ni."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn.

Erin sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mo ṣì ní ìtì igi nílé."

Ọba Ẹfọ̀n ní, "Lọ gbé wọn wá. Kí ìwọ náà sì wá bá wa ṣiṣẹ́."

Erin gbé wọn wá. Ó wọnú omi, ó fi àyà dá odò dúró. Ọ̀bọ àti Ọ̀kẹ́rẹ́ gun orí igi, wọ́n so ìtàkùn mọ́ ìtì. Ọ̀yà ń gé, Ẹtu ń lọ́. Kálukú ṣe é níwọ̀n agbára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, afárá náà gba Ọ̀kẹ́rẹ́, ó gba Erin. Wọ́n fẹnu kò pé lọ́dọọdún ni ọ̀wẹ̀ rẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí ẹnu rẹ̀ mọ́. Erin fúnra rẹ̀ ló wó ilé rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ẹtu ń lọ sóko, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó pàdé Erin lórí afárá, tó ru ọgẹ̀dẹ̀ bọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, Ìyá Àwẹ̀ró. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà o."

Erin yà fún un díẹ̀, ó kọjá. Ẹtu ń rò ó bóyá ilá rẹ̀ ti gbó. Kó tó mọ̀, ó ti dé ọ̀hún.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé oore dára, kí ẹni tó lawọ́ máa lawọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀mí gbogbo ìlú rọ̀ mọ́, ẹ má fi sílẹ̀ fún oore ẹnìkan. Ẹ jọ ṣe é, ẹ jọ ni ín.

Ibi tí ààlọ́ mi sọ̀kalẹ̀ sí nìyí o. Ẹni tó bá mi gbè é, ó ṣeun. Ẹni tó sùn, kó bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.