Pátákó Oyè Ààrẹ Látúnjí

Ohun méjì ni Látúnjí ará Òkè-Ìlápá fẹ́ràn jù láyé: píkọ́ọ̀pù rẹ̀ àti oyè rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù ló kọ́kọ́ ní. Òun nìkan ni ọkọ̀ tó wà ní abúlé náà, òun ló sì ń kó tòmátì àwọn obìnrin ibẹ̀ lọ sí ọjà Agbédé. Oyè ní tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Nígbà tí Baálẹ̀ fi í jẹ Ààrẹ Àgbẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kí ara rẹ̀ nínú dígí.

Baálẹ̀ kò fi mọ síbẹ̀. Ó ní kí káfíńtà ṣe pátákó ńlá kan, kí wọ́n kùn ún ní pupa àti funfun, kí wọ́n sì kọ "ÀÀRẸ ÀGBẸ̀ ILẸ̀ ÌLÁPÁ" sí i gàdàgbà. Baálẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ iwájú píkọ́ọ̀pù náà, ó sì súre sí i. Láti iná ọ̀tún dé iná òsì, ẹ kò lè rí irin kankan mọ́ níwájú ọkọ̀ náà, àfi oyè. Bí ó bá ń bọ̀ lọ́nà, àwọn obìnrin a kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin a ṣí fìlà. Ẹnì kan tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ̀ náà níbi tí wọ́n gbé e sí lẹ́bàá kànga, tí kò sí ẹ̀dá alààyè kan nínú ọkọ̀.

Àtìgbà náà ni ẹ́ńjìnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Kì í ṣe gbígbóná ṣeréṣeré. Bí ọkọ̀ bá ti gbé ẹsẹ̀ lé òkè Alágídí tó wà lọ́nà Agbédé báyìí, omi inú rédíétọ̀ a hó, èéfín funfun a bo iwájú, ọkọ̀ a sì dákẹ́. Kí ó tó tutù, oòrùn á ti se tòmátì jinná nínú apẹ̀rẹ̀. Odidi ẹrù kan ti di omi bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, tí àwọn obìnrin dà á sínú igbó tẹkúntẹkún. Ìyá Ìbídùn, ìyàwó Ààrẹ, ni olórí àwọn onítòmátì, kò sì fi ọ̀rọ̀ bò fún ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbídùn, àwọn obìnrin ti fẹnu kò. Bí ẹrù ọjà tó ń bọ̀ yìí bá tún bàjẹ́, ọkọ̀ ará Ìdí-Ògùró ni wọn yóò máa kó tòmátì wọn fún."

"Kí lo wí? Kí ará Ìdí-Ògùró máa wá kó irè oko Ìlápá, nígbà tí èmi Ààrẹ Àgbẹ̀ ṣì wà láàyè?"

"Ẹ̀yin wà láàyè. Ẹ́ńjìnì yín ló ti kú."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ààrẹ lákínyẹmí ara. Ó ránṣẹ́ pe Súfíánù mẹkáníìkì.

Súfíánù yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan, ó rí pátákó, ọ̀rọ̀ sì yé e lójú ẹsẹ̀. Atẹ́gùn ló yẹ kó máa fẹ́ sí rédíétọ̀ lára kí omi inú rẹ̀ lè tutù, pátákó sì ti dí ojú atẹ́gùn pa. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó wò. Ta ni yóò dojú kọ olóyè tuntun, tí yóò ní kó tú oyè rẹ̀ sílẹ̀? Ohun tí Baálẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ so, ọwọ́ ta ni yóò tú u? Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ṣí àmì oyè kúrò lára olóyè, ó ti rọ̀ ọ́ lóyè nìyẹn. Súfíánù ní ìyàwó, ó ní ọmọ, Ìlápá náà ló sì ń gbé. Ó húkọ́.

"Ààrẹ, bẹ́líìtì ni."

Ó pààrọ̀ bẹ́líìtì, ọkọ̀ hó. Ó ní ìdọ̀tí ló wà nínú rédíétọ̀, ó fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́ lóló, ọkọ̀ tún hó. Ó pààrọ̀ rọ́bà tí omi ń gbà kọjá, ó tú fáànù, ó tún un dè, ó ní bóyá òkè náà ló ti ga jù. Abẹ́ pátákó ló ń rá gbà ní gbogbo àsìkò yìí. Bí ó bá ti fi orí gbá a, a ní, "Ẹ forí jì mí, Ààrẹ." Pátákó ló ń bẹ̀ o.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, wọ́n di tòmátì kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Ààrẹ wọ bùbá, ó wọ dànṣíkí lé e, ó gbé agbádá aṣọ òkè lé gbogbo rẹ̀, ó kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, ó dé fìlà tó nípọn. Ó ní kí wọ́n yí gbogbo dígí ọkọ̀ sókè, kí eruku má ba oyè òun jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, Súfíánù wà lẹ́yìn láàárín tòmátì àti kẹ́ẹ̀gì omi.

Ní ìdajì òkè Alágídí, èéfín sọ, ọkọ̀ dákẹ́. Súfíánù bẹ́ sílẹ̀, ó fi òkúta há táyà. Ìgbà tí yóò gbójú sókè, Ààrẹ ti gbé orí lé sítíárìn, òógùn bò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀.

"Yé! Súfíánù, gbà mí o! Ọkọ mi ń kú lọ!"

Wọ́n wọ́ Ààrẹ lọ sábẹ́ igi. Súfíánù na ọwọ́ sí agbádá, ó sì tún yára fà á sẹ́yìn.

"Màmá, aṣọ oyè ni o. Ta ni yóò bọ́ ọ?"

"Ta ni yóò bọ́ ọ? Ṣé kí n sin ín mọ́ ọn lára ni?"

Ìyá Ìbídùn fa agbádá yọ, ó bọ́ dànṣíkí, ó ju fìlà sínú koríko, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìborùn rẹ̀ fẹ́ ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an, nítorí ó fẹ́ràn ọkùnrin náà pẹ̀lú gbogbo fáàrí rẹ̀. Nígbà tó ṣe, Ààrẹ mí kanlẹ̀. Ó lajú, ó wo ara rẹ̀ nínú bùbá lásán.

"Ta ló rọ̀ mí lóyè?"

"Èmi ni!" Omijé ṣì wà lójú ìyàwó rẹ̀. "Ooru ló fẹ́ pa yín. Ẹ di ara yín pa bí ẹ ṣe di ọkọ̀ yẹn pa. Ẹ wò ó lọ́hùn-ún, òun náà wọ agbádá!"

Ààrẹ yíjú. Pátákó dúró gàgàrà níwájú ọkọ̀, èéfín ń yọ́ jáde létí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó wò ó pẹ́.

"Súfíánù, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mẹkáníìkì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ dákun, Ààrẹ, bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè mí."

"O wá ń tú bẹ́líìtì kiri?"

"Ààrẹ, bẹ́líìtì ò joyè."

Ààrẹ fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde nínú bùbá rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú pátákó sílẹ̀. Wọ́n dúró kí ẹ́ńjìnì tutù, Súfíánù fi àkísà ṣí ìdérí rédíétọ̀, ó bu omi kún un. Pátákó ni wọ́n fi ṣíji bo tòmátì lẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n gun òkè Alágídí láìhó, tòmátì sì dé Agbédé ní pupa yòò. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Ìdí-Ògùró.

Ṣùgbọ́n òfófó kì í sùn. Kí wọ́n tó padà dé, wọ́n ti sọ fún Baálẹ̀ pé Látúnjí já oyè rẹ̀ dànù lójú títì. Baálẹ̀ pè é síwájú àwọn ìjòyè, ó bi í tìbínútìbínú pé èwo ni ti àfojúdi yìí. Ààrẹ dọ̀bálẹ̀, ó fèsì ní gbólóhùn kan péré. Baálẹ̀ ronú sí i, ó sì rọra bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó ti ń há òun náà lọ́rùn láti àárọ̀.

Èsì tí Ààrẹ fún un lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà Ìlápá sọ dòwe, tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi iyì pa ara rẹ̀, pé: ẹni tó ń mí ló ń joyè.