Màrìwò Lójú Ọ̀nà

Ìròyìn ò tó àfojúbà. Nǹkan oníná kan já láti òkè sínú igbó abúlé kan, ni ariwo bá ta: ọkọ̀ àwọn ẹ̀dá ojú sánmà ni, ojú tó bá rí wọn yóò fọ́! Àwọn àgbà so màrìwò dí ọ̀nà igbó náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa kọjá.

"Ta ló fojú rí i?" Àdùbí, opó ọdẹ, bi alágbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ ní ẹnu Ọ̀ṣúnlékè lòun ti gbọ́ ọ. Àdùbí tọ Ọ̀ṣúnlékè lọ, ó bi òun náà.

"Ìyá, n ò rí nǹkan kan o. Igbe ni mo gbọ́ lókèèrè. Kò jọ igbe ènìyàn, ni mo bá sá."

Àdùbí fẹ́ wọ igbó lọ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù màrìwò bà á. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kó tó gbé kèrègbè omi rẹ̀, tó sì gba ọ̀nà igbó lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló bá nídìí màrìwò. Ó ti fàyà wọ́ láti ìdí bàlúù kékeré tó já. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ti kú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò tíì tutù. Ó di màrìwò náà mú ṣinṣin.

Àdùbí kúnlẹ̀, ó ń da omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, omi náà sì ń ṣàn padà sílẹ̀.