Ọpẹ́ Tí Àwẹ̀ró Kọ̀ Láti Dá

Ògúnmọ́dẹdé lé Adétọ̀nà kúrò ní Ìdó-Ọ̀pẹ, Adétọ̀nà kò sì ṣẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni èmi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn tó ń sọ ìtàn yìí, ibi ogun tí Ògúnmọ́dẹdé ṣẹ́ ni wọ́n máa ń gbà wọlé. Wọ́n á sọ̀rọ̀ ogun náà títí, ẹnu á rẹ̀ wọ́n, wọn kò sì ní dé ọ̀dọ̀ Adétọ̀nà mọ́. Èmi á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà náà, abẹ́ ìlú Olúgbó ni Ìdó-Ọ̀pẹ wà. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, Ìdó-Ọ̀pẹ á di ọgọ́rùn-ún ẹrù iṣu láti fi san ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n á sì mú ọmọ méje kún un. Àwọn ọmọ náà kì í padà wá. Ìdílé Adétọ̀nà ni wọ́n yàn láti ìgbà ìwáṣẹ̀ pé kí wọ́n máa kó ìṣákọ́lẹ̀ náà lọ. Wọn kò tọrọ iṣẹ́ yìí. Àwọn ni wọ́n ń kúnlẹ̀ láàfin Olúgbó, tí wọ́n ń gba èébú tó yẹ kó kan gbogbo ìlú.

Ògúnmọ́dẹdé ló dìde tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní ọmọ kankan kò ní lọ mọ́. Kí ó tó jáde ogun, ó bi Ifá léèrè. Wọ́n ní kó rúbọ, kó sì dúró di ọjọ́ karùn-ún kó tó wọ odò Ayìnrín tó pààlà láàárín ìlú méjèèjì. Ògúnwándé, àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ogún ọdún, jókòó tì í, ó sì gbọ́. Ògúnmọ́dẹdé rúbọ. Kò dúró. Ní ọjọ́ kẹta ó kó ọmọ ogun wọ odò. Òjò ti rọ̀ lókè odò lọ́hùn-ún, omi sì ya dé bá wọn láàárín odò. Ogójì ọkùnrin ló bá omi lọ.

Nígbà tó padà wálé, àwọn ìyá dúró dè é lẹ́nu ibodè. Wọ́n ní ta ló pa ọmọ àwọn. Ògúnmọ́dẹdé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní Adétọ̀nà ni. Ó ní ẹni tó ń fi orúnkún kan ilẹ̀ Olúgbó lọ́dọọdún, òun ló gba oògùn lọ́wọ́ wọn, tó fi sínú odò. Ìlú gbà á gbọ́. Ó rọrùn láti gbàgbọ́ pé ẹni tó ń kúnlẹ̀ fẹ́ràn ìkúnlẹ̀. Wọ́n sun ilé Adétọ̀nà kanlẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jáde, pẹ̀lú ọmọkùnrin wọn Ọ̀náolápọ̀ àti ọmọbìnrin wọn Àwẹ̀ró. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Àwẹ̀ró. Wọ́n ń dirun fún un lọ́wọ́ ni iná dé; apá kan orí rẹ̀ ni wọ́n ti dì tán nígbà tó jáde nílùú.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Ògúnmọ́dẹdé tún jáde ogun, ó sì ṣẹ́gun. Ọmọ kankan kò lọ sí Olúgbó mọ́ láti ọjọ́ náà. N kò ní pa irọ́ mọ́ ọn. Ìyẹn náà ṣẹlẹ̀, òun náà ló ṣe é.

Nígbà tó kú, ìlú dá ọdún sílẹ̀ fún un. Ọdún Ọmọ-Sùn-Sílé ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ ọdún, ìyá kọ̀ọ̀kan á gbé iṣu kan wá sójú oórì Ògúnmọ́dẹdé. Á gbé e kalẹ̀, á sì dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Lágbájá sùn sílé, Tẹ̀mẹ̀dù sùn sílé. Àwọn èrò á sì dáhùn pé, “Wọn á máa sùn sílé.”

Àwẹ̀ró ń gbọ́ wọn lódìkejì odò. Abà kan wà níbẹ̀, orí ilẹ̀ onílẹ̀, ibẹ̀ ni Adétọ̀nà àti ìyàwó rẹ̀ ti kú, ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti lọ́kọ tó sì bímọ. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti Ìdó-Ọ̀pẹ, òórùn iṣu sísun á bá a dé ẹnu ilẹ̀kùn. Á dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Á máa ka ilé fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe tò: ilé Alágbẹ̀dẹ ló ṣáájú, tiwa ló tẹ̀ lé e, igi ọsàn kan wà láàárín, tí ìdajì èso rẹ̀ ń bọ́ sọ́dọ̀ wa, tí ìdajì ń bọ́ sọ́dọ̀ wọn, a kò sì jà rí.

Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, “Ìyá àgbà, ilé tí ẹ̀ ń wí yìí ti jóná tipẹ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń gbé inú ẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó wọ yàrá, kò sì tètè jáde.

Ojú-Àpá-Kì-í-Jọ-Ojú-Ara pẹ̀lú Àtẹ́lẹsẹ̀-Ò-Gbàgbé-Ọ̀nà-Ilé, àwọn babaláwo méjèèjì ni wọ́n yẹ Ifá wò fún Àwẹ̀ró, ọmọ Adétọ̀nà, lọ́jọ́ tó ń fomi ojú ṣògbérè ilé, tó ní òun fẹ́ sùn nílé bàbá òun kí òun tó kú, kí wọ́n sì sin òun síbẹ̀. Wọ́n ní yóò délé. Wọ́n ní kó rú ẹyẹlé méjì àti obì. Ó ti mú ẹyẹlé dání, ó sì kó o fún wọn. Wọ́n ní ó ku ẹyọ kan: kó gbé iṣu lọ sójú oórì Ògúnmọ́dẹdé lọ́jọ́ ọdún, kó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, “Kí n dúpẹ́ kí ni?”

“Ọmọ mélòó lo bí, ìyá?”

“Mẹ́fà.”

“Olúgbó kó mélòó nínú wọn?”

Àwẹ̀ró tún gèlè rẹ̀ wé. Ó ní, “Ẹ dá ẹyẹlé mi padà.”

Wọ́n dá a padà. Ó gbé méjèèjì délé, ó sè wọ́n, ó jẹ wọ́n. N kò dá a lẹ́bi. Bí ẹnìkan bá ní kí èmi lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sun ilé bàbá mi, èmi náà á jẹ ẹyẹlé mi.

Ọdún méje kọjá. Ọ̀náolápọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, kú. Wọ́n fẹ́ sin ín sínú ilé bí àgbà, ṣùgbọ́n onílẹ̀ kọ̀. Ó ní àlejò kì í sin òkú sínú ilé onílé, bí òun bá gbà, lọ́la wọ́n á ní ilẹ̀ àwọn ni. Wọ́n gbé e lọ sínú igbó, wọ́n sin ín sídìí igi ìyeyè. Àwẹ̀ró dúró títí wọ́n fi rọ́ yẹ̀pẹ̀ tán. Ó wo ẹ̀gbẹ́ sàréè náà, ó rí i pé àyè ẹnìkan ṣì kù níbẹ̀.

Ó padà sọ́dọ̀ àwọn awo náà.

“Ẹyẹlé ọjọ́sí dà?”

“Mo ti jẹ ẹ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Ó dùn bí?”

“Kò dùn. Ó ti dàgbà jù.”

Wọ́n ní kó wá òmíràn. Ó wá a, ó rú u. Ó wá béèrè bí òun ṣe fẹ́ dúpẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kò ní há òun lọ́fun. Wọ́n ní, “Má bú u. Má sì purọ́ fún un. Ohun tó ṣe ni kó o sọ. Má ṣe mú ọ̀kan, kó o wá fi ọ̀kan sílẹ̀.”

Ní ọjọ́ ọdún, ó gbé iṣu lé orí, ó gba ibodè wọlé ní ọ̀sán gangan. Ní ojú oórì, obìnrin kan kí i, ó ní, “Ẹ kú ọdún, ìyá. Ọmọ ta ni yín?”

“Ọmọ Adétọ̀nà.”

Àwọn tó wà nítòsí yíjú sí i. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní, “Háà! Ọmọ ọ̀dàlẹ̀ náà wá jẹ nínú ọdún òmìnira!” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ní kó jáde. Ògúnwándé jókòó sórí àga bàbá rẹ̀. Ó ti di arúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ kó gbé iṣu rẹ̀ kalẹ̀.”

Àwẹ̀ró gbé iṣu kalẹ̀.

“Ògúnmọ́dẹdé, Àwẹ̀ró ló ń kí ọ. Àkọ́bí mi, Olúgbó kò mú un lẹ́rú. Fátówó, wọn kò mú un. Àbẹ̀jẹ́ àti Ọdẹ́wálé, wọn kò mú wọn. Mojí àti Akínlàjà, wọn kò mú wọn. Ìwọ lo ṣe é. Mo dúpẹ́.” Ó mí kanlẹ̀. “N kò lè sọ pé wọ́n sùn sílé. Ìwọ náà lo ṣe ìyẹn. Méjèèjì ni mo gbé wá.”

 Kò sí ìdáhùn fún irú rẹ̀ nínú ọdún náà.

Ẹbọ náà fín. Wọ́n dá ilẹ̀ Adétọ̀nà padà, àwọn ọmọ Ìdó-Ọ̀pẹ ló sì po amọ̀ ilé. Ọdún mẹ́rin ni Àwẹ̀ró fi sùn níbẹ̀, nínú yàrá ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Ìdí nìyí tí Ifá fi ní kí a má rú ìdajì ẹbọ. Ògúnmọ́dẹdé rúbọ, ó fi ìmọ̀ràn sílẹ̀, ogójì ènìyàn bá omi lọ. Àwẹ̀ró kọ̀, ó tún padà wá rú u pé, ire rẹ̀ sì pé.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè po amọ̀ ilé kankan, ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹnìkan. Mo fẹ́ fi sílẹ̀ níbí bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí i. Ògúnwándé fi ọ̀pá rẹ̀ dìde. Kò wo Àwẹ̀ró. Gbogbo ìlú ló kọjú sí.

Ó ní, “Wọ́n sọ fún bàbá mi pé kó dúró di ọjọ́ karùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí, etí mi ni mo fi gbọ́. Kò dúró. Bàbá mi ló pa ogójì ọmọ yín. Adétọ̀nà kò fi nǹkan kan sínú odò.”