Bẹ́ńṣì Ìrókò Bàbá Fadérera

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Bàbá Fadérera gbé bẹ́ńṣì ìrókò tuntun síwájú ilé. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó fi tapólì bò ó.

“Ìrókò mà ni, Àṣàbí! Inú òjò ló dàgbà sí.”

“Baálé mi, èyí tó wà nígbó ṣì ní èèpo lára.”

Ọkọ rẹ̀ kàn rẹ́rìn-ín. Òjò ọdún mẹ́ta pa bẹ́ńṣì náà, oòrùn sì ń sá a.

Nígbà tí àwọn àna wá tọrọ Fadérera, bàbá ọkọ, ọkùnrin tó sanra, jókòó sórí bẹ́ńṣì náà. Àwọn ìṣó tó ti dógùn-ún já, àna sì balẹ̀ tòun ti fìlà.

Bàbá Fadérera sáré dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ fún un gan-an nìyẹn.