Ìkíni Tí Wọ́n Yọ Máàkì Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí ó ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní yunifásítì. Wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tí yóò tún ètò ẹ̀kọ́ wọn ṣe. Ìpàdé kò tán bọ̀rọ̀. Olúkúlùkù olùkọ́ ló fẹ́ kí wọ́n fi kún tirẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n yọ nínú tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sú ọkùnrin yìí. Ó wá ohun tí òun lè yọ tí ẹnikẹ́ni kò ní bínú, ó sì rí i: máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà nínú ìdánwò bí ó bá kúnlẹ̀ kí aláìsàn, tí ó béèrè bí ó ṣe sùn.

Ó ní, "Ọmọ Yorùbá wo la tún fẹ́ máa kọ́ ní ìkíni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá ti ní máàkì, ọmọ ilé-ìwé kì í kọbi ara sí i. Àwọn aláyẹ̀wò ètò ẹ̀kọ́ wá, wọ́n rí i pé máàkì gòkè, wọ́n yin ètò náà gan-an.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé ìyá ọkùnrin yìí wá sí ilé ìwòsàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń ṣiṣẹ́. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá a jà, egbò sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Wọn a dé, wọn a wẹ egbò, wọn a dì í dáadáa, wọn a lọ. Ọkùnrin náà ń yọjú sí ìyá rẹ̀, àmọ́ orí ìdúró ló ti ń kí i, ìpàdé ń dúró dè é. Ìgbà tí wọn yóò fi ṣí aṣọ kúrò lára ẹsẹ̀ òsì, ó ti dúdú. Wọ́n gé e.

Ọkùnrin náà ń sunkún. "Màmá, ẹsẹ̀ kú mọ́ yín lára, ẹ ò sì sọ fún ẹnì kankan?"

"Ta ni kí n sọ fún? Àwọn ọmọ tí kò kí mi? Egbò ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ìwọ náà, o jókòó rí?"

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú iṣẹ́ yìí fún, ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ìtàn yìí, n óò sì tún sọ ọ́. Máa yọ, ẹrù náà wúwo lóòótọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe yọ nǹkan torí pé kò ní olùkọ́ tí yóò jà fún un. Bí o bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ètò rẹ dára, lọ sí wọ́ọ̀dù, fa àga, kí aláìsàn kí o tó bi í léèrè. Tètè lọ. Ìyá tìrẹ ṣì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn.