Gààrí Ọlọ́jọ́ Márùn-ún

Bí ojú ọ̀run mọ́ kedere, òjò ni Abọ́sẹ̀dé máa ń rí. Nígbà tí jáàkì tó fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ bàjẹ́, ẹ̀gẹ́ lílọ̀ rẹ̀ lo ọjọ́ márùn-ún nínú àpò dípò méjì. Ló bá ń wọ́ ọ lọ sí ààtàn.

“Ó ti kan! Mo mọ̀ pé kò ní dáa!”

Ìyá ọkọ rẹ̀ di àpò náà mú. “Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Gbé òkúta lé e kó ro, kó o yan án.”

Abọ́sẹ̀dé fajú ro yan án. Àwọn oníbàárà fi omi tútù mu ún, ojú wọn là. “Irú kíkan tí à ń wá rèé!” Kò ṣẹ́ ku kóńgò kan.

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹni tó fẹ́ tún jáàkì ṣe dé. Abọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín.

“Ẹ má kánjú, bọ̀ọ̀dá. Ẹ padà wá lọ́túnla.”