Ohun Tó Bá Hàn Lójú Ẹ̀rọ

Ọ̀gá Kamọrudeen, tí òun fúnra rẹ̀ kì í relé ọdún, ló pàṣẹ fún Rálíátù tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá iléeṣẹ́ wọn pé ohunkóhun tó bá hàn lójú ẹ̀rọ náà ni kó ṣe, kò sì gbọdọ̀ relé Iléyá àfi tó bá ṣe é tán. Bẹ́ẹ̀, ojú ẹ̀rọ ọ̀hún kì í ṣófo. Ní Ìsẹ́yìn, ìyá Rálíátù ti so àgbò mọ́lẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ọmọ òun á fi dé. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sójú pé fáànù kan ti kú. Rálíátù pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tún kọ ọ́ pé iná ò wọlé lápá kejì. Rálíátù ki wáyà iná bọ ihò rẹ̀ dáadáa. Iná pupa tó ń fi àìsàn ẹ̀rọ hàn bá di búlúù. Tí ara ẹ̀rọ bá sì ti dá, olùtọ́jú rẹ̀ lè kọ ohun tó bá wù ú sójú rẹ̀. Rálíátù kọ tirẹ̀, ó pe ọ̀gá. Ọ̀gá kà á: "Rálíátù, máa lọ sílé, ìyá rẹ ń retí." Ó ní, "Ta ló kọ èyí?" "Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní ohun tó bá hàn níbẹ̀ ni kí n ṣe." Ọ̀gá tún ọ̀rọ̀ náà kà, ó wá rọra ní, "Kọ orúkọ tèmi náà sí i."